Pẹ́ẹ̀nì Sinimá, Ó Wà O!

Ìbà ni n ó kọ́kọ́ jú kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ènìyàn. Mo júbà ẹ̀yin awakọ̀ dánfó ojú ọ̀nà Ìyànà Ìpájà sí Agége, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ fèrè ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n tí ẹ ń gbọ́ "ó wà o" láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Mo júbà ẹ̀yin kọ̀ńdọ́, olówó tí kì í ní ṣéńjì. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò jẹ́ kí ilé sinimá kan kú tán lágbègbè wa. Láti ìdájí ni ẹ ti ń pè é lórúkọ: "Pẹ́ẹ̀nì Sinimá! Pẹ́ẹ̀nì Sinimá! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Èrò á wọlé. Tó bá kù díẹ̀, èrò á figbe ta: "Pẹ́ẹ̀nì Sinimá, ó wà o!" Ọkọ̀ á dúró, èrò á bọ́ sílẹ̀. Kí ló wà? Kò sí nǹkan kan. Kò sí sinimá, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí Bruce Lee. Ẹni tó bá ní dandan ni kóun wo ìjà, kó dúró ti agbèrò àti dẹ́rẹ́bà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyẹn kò tiẹ̀ ní ìpolówó ọjà láàárín.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ afárá sórí oríta Pẹ́ẹ̀nì Sinimá, tí wọ́n ṣí i ní 2021, mo ní ó ti parí nìyẹn, orúkọ olóṣèlú kan ni wọ́n máa fi ta á lọ́rẹ. Rárá o. Afárá Pẹ́ẹ̀nì Sinimá ló ń jẹ́ títí dòní. Ẹ wá wo ibùdó ọkọ̀ ojú irin tuntun tó wà ní Agége kan náà. Orúkọ Babátúndé Rájí Fáṣọlá ni ìjọba àpapọ̀ fi sọ ọ́, ẹni tó fi odidi ọdún mẹ́jọ ṣe gómìnà. Ẹ lọ bi èrò tó gbé ẹrù lórí pé níbo ló ń lọ. "Agége" ni yóò wí. Gómìnà ọdún mẹ́jọ kò rí ẹnu èrò wọ̀, òkú sinimá ló rí i wọ̀. Dánjúmà Sinimá náà ń bẹ lágbègbè yìí, òun náà ti fẹ̀yìn tì, ó ti gba iṣẹ́ ibùdókọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí orúkọ yín pẹ́ láyé, ẹ má wulẹ̀ du ipò mọ́. Ẹ kọ́ ilé sinimá, kí ẹ sì jẹ́ kó kú.

Mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Ẹ ó mirí, ẹ ó ní, "Áà, sinimá ayé àtijọ́ dùn! Ta ló tiẹ̀ pa á?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí a wá ẹni tó pa á. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni o. Bí ọ̀rọ̀ bá bà ọ́, má ṣe gbin, kí ẹni tó jókòó tì ọ́ má baà mọ̀ pé ìwọ ni.

Àwọn baba wa kọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè dá wọn láre. Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni àwòrán tó ń rìn kọ́kọ́ yọjú sí Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Herbert Macaulay ló ṣètò rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Balboa láti ilẹ̀ Sípéènì ló gbé ẹ̀rọ wá. Bẹ́ẹ̀ ni, Macaulay tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni, onírunmú gígùn, ẹni tó padà bá ìjọba òyìnbó wọ̀yá ìjà lórí owó omi àti lórí ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Àpápá. Kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn kò dá sí ní Èkó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí bọ́ọ̀lù Yúróòpù nígbà náà. Kí wá ni ará Èkó rí lára aṣọ funfun? Ìwúyè Ọba Edward Keje ní Westminster Abbey! Ìlú tó ní ààfin Ìgá Ìdúngánran, tó ní Adámú Òrìṣà, tó mọ ayẹyẹ ṣe débi pé òkú àgbà kì í sùn, ìlú náà ló múra, tó sanwó, tó jókòó sínú òkùnkùn, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń dé ọba onílé ládé nílé onílé. Aṣọ ẹbí nìkan ni wọn kò dá.

Ṣùgbọ́n wọ́n sanwó. Ẹ bá mi fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, àwòrán náà sì dé Èkó. Ẹ wá sọ fún Ẹ̀gbá pé Kábíyèsí ń rìn lára ògiri, kí ẹ sì ní kó jókòó sílé. Ta ló máa dì í mú? Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sí igun kan, a ó padà wá mú un: Yorùbá á sanwó kó lè rí ojú ara rẹ̀. Gbogbo onílé sinimá tó dé lẹ́yìn náà ló gbàgbé rẹ̀ fún bí àádọ́rin ọdún.

Ta ló wá kọ́ wa níwà burúkú? Ìjọba òyìnbó ni. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ William Sellers, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni. Àrùn burúkú kan ń ti ara eku ràn ní Èkó láyé ìgbà náà, ni Sellers bá gbé kámẹ́rà, ó ń fi fíìmù kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gbógun ti eku. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù rẹ̀, Anti-Plague Operations, Lagos, ti ọdún 1937 ni. Ní 1939, wọ́n dá Colonial Film Unit, ẹ̀ka fíìmù ìjọba òyìnbó, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Sellers sì wà nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ wọn á wọ abúlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti aṣọ funfun. Ẹ jáde wá! Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ fọwọ́! Ẹ wá wo Mr. English at Home, fíìmù ọdún 1940, kí ẹ rí káfíńtà òyìnbó kan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé nílé wọn! Àgbẹ̀ tó ti ro oko láti àárọ̀ á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa wo bí káfíńtà ṣe ń jẹun. Eélòó ni? Ọ̀fẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni àrùn ti wọ̀ wá lára. Eku kọ́ ló gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹni tó wo káfíńtà láìná kọ́bọ̀ ló dàgbà tán tó ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà sinimá pé kí lòun máa sanwó sí.

Sellers yìí kò fi mọ bẹ́ẹ̀ o. Ó tún jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú tí kò kàwé kò lè tètè lóye fíìmù. Ó ní kí wọ́n máa rọra yí àwòrán, kí wọ́n má fi ọgbọ́n kámẹ́rà dà wá lójú rú, kí ọ̀rọ̀ má pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mà ṣe o, ọkùnrin náà kò dúró de Agége. Ì bá rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò gbọ́ Híńdì, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju "mọ̀níń sà" lọ, tó jókòó ti Mother India fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, tó dé ilé, tó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó yá a lówó, ọmọ tó ya pòókìí, ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìnbọn pa á. Á tún kọ orin inú rẹ̀ sí i! Ìyá á sunkún. Ẹni tí Sellers ní kò lè lóye fíìmù ló wá ń lóye fíìmù tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tó sì ń fi kún un níbi tí kò bá ti dùn tó.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ilé náà gan-an. Rex, Regal, Royal, Capitol, Casino: ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n fi ń sọ ilé sinimá ní Èkó! Ààfin ọba ni wọ́n kọ sí ìta. Ẹ wọlé báyìí, àga onígi ni, ìdun ló sì ni àga. Àwọn mìíràn kò ní òrùlé lórí. Òjò á máa lu Django, akọni fíìmù kábọ́ì, lójú aṣọ, òjò á máa lu àwa náà, a ó sì máa yin òyìnbó pé fíìmù yìí mà ń jọ òótọ́ o. Àwọn ará Lẹ́bánónì tí à ń pè ní Kóráà ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà, àwọn náà ló ń kó fíìmù wọlé. Àwa ń ráhùn pé àjèjì ń jẹ wá run. Ní 1972, ìjọba Ọ̀gágun Gowon gbé òfin jáde pé iṣẹ́ sinimá wà lára àwọn iṣẹ́ tí ọmọ ilẹ̀ yìí nìkan gbọ́dọ̀ ṣe. A jó, a yọ̀, ilé bọ́ sọ́wọ́ wa. Kí ló yí padà? Fíìmù Íńdíà ṣì ń kọrin, fíìmù Ṣáínà ṣì ń tàpá. Ìdun nìkan ló gba ìwé ọmọ onílùú.

Ẹ̀yin onílé sinimá, ẹ má sá lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ gba ilé lọ́wọ́ Kóráà, ẹ kò gba ìwà ìtọ́jú ilé. Bí àga bá ṣẹ́, ẹ ó gbé e kúrò, ẹ ó ta ààyè rẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró. Bí fáànù bá kú, ẹ ó ní kí èrò fi ẹnu fẹ́ ara wọn. Ilé ìtọ̀ yín, n kò ní sọ nǹkan kan lórí rẹ̀, nítorí pé kò sí.

Ẹ̀yin ọpirétọ̀, ẹ dìde kí a rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nídìí ẹ̀rọ títí róòlù á fi já! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi róòlù kẹta síwájú èkejì, tí àkítọ̀ á ti gbẹ̀san ikú bàbá rẹ̀ tán, kí ó tó di pé wọ́n pa bàbá náà! Bí ọkùnrin àti obìnrin bá súnmọ́ ara wọn lára aṣọ funfun, tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àsìkò yẹn gan-an ni iná ẹ̀rọ yín máa ń kú. Gbogbo ilé á gbe: "Ọpirétọ̀! Olè! Ẹ dá owó wa padà!" Ẹ tẹ́tí dáadáa kí ẹ mọ ẹni tó ń pariwo jù. Orí ògiri ló gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀yin èrò náà ní mẹ́nimẹ́ni. Ọlọ́pàá kì í sanwó, òun ló ń ṣọ́ ìlú. Sójà kì í sanwó, ta ló máa bi í? Àbúrò ọlọ́pàá kì í sanwó, ojú rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ àdúgbò kì í sanwó, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Ọ̀rẹ́ ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kì í sanwó, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ á san ìdajì. Akẹ́kọ̀ọ́ ti gba owó lẹ́sìnnì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà ti gba owó náà lọ́nà, ni òun àti ẹnì kejì bá pa ara wọn pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ní ìbejì ni àwọn. Ẹni kan ṣoṣo tó san owó pé, àlejò láti òkè ọ̀hún ni. Òun náà ni wọ́n sì jí bàtà rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ariwo! Alámọ̀tán wà níbẹ̀, ẹni tó ti wo fíìmù náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó wá fi tipátipá ràn wá lọ́wọ́: "Ẹ máa wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló máa gbà yọ. Ẹ máa wo obìnrin yẹn, òun ló máa dà á." Olùdámọ̀ràn wà níbẹ̀, tó ń pariwo sí àkítọ̀: "Wẹ̀yìn ẹ! Mo ní kó o wẹ̀yìn ẹ!" Àkítọ̀ á wẹ̀yìn, olùdámọ̀ràn á bojú wo èrò tìgbéraga-tìgbéraga, òun ló gba ẹ̀mí là. Django á wọ́ pósí wọ ìlú, ẹnì kan láti ẹ̀yìn á bèèrè pé, "Ta ló kú?" Igbó á sì máa rú túú. Ìyá arúgbó tí kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀, tó bá tẹ̀lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ wo fíìmù, kó tó di ìdajì, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Òfin kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fẹnu kò lé lórí: àkítọ̀ kì í kú. Bruce Lee kú ní Oṣù Keje 1973, fíìmù rẹ̀ Enter the Dragon sì jáde ní Oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Agége! Ẹ ó ní ọkùnrin náà ti kú. Á ní irọ́ ni, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lánàá, ó lu èèyàn méjìdínlógún. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ó ṣì ń jà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ìdúró rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sàn ju ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà láàyè lọ.

Ní 1976, ẹnì kan wá rántí ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ sí igun. Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, Adéyẹmí Afọ́láyàn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love wà nínú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ! Hubert Ògúndé tẹ̀lé e pẹ̀lú Aiyé ní 1979, lẹ́yìn náà Jáíyésinmi. Èrò ya bo gbọ̀ngàn. Àwọn ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́wàá gba Boss, olórí ọ̀tá inú fíìmù, níyànjú lórí bí wọ́n ṣe ń ja báńkì lólè wá rí àjẹ́ tó ń fò lára aṣọ funfun, wọ́n fi ọwọ́ bojú, wọ́n ń yọjú láàárín ìka. Àwọn kan wo Aiyé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìgbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, wọn kò tí ì dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Tọmọdé tàgbà tún ń wọ́ lọ sí National Theatre ní Ìgánmú, ilé tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC 1977, tó dà bí fìlà ọ̀gágun tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀.

Ẹ wá kíyè sí bí àwọn àgbà òṣèré wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í gbé fíìmù sílẹ̀ fún onílé sinimá kí wọ́n lọ sùn. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n gbé ẹ̀rọ dání, wọ́n sì jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí à ń fi ìlù kí, tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún, ni wọ́n ń ka orí èrò wọlé ní méjì méjì. Ẹ ní ahun ni wọ́n? Rárá o. Wọ́n mọ̀ wá ni.

Ẹni tí kò ríbi jókòó tì ni Bàbá Sàlá. Mósè Ọláìyá, ọ̀gá Aláwàdà pátápátá, ẹni tí awò ojú rẹ̀ nìkan tó láti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó kó owó lé Ọ̀run Móoru ní 1982, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Fíìmù nípa ẹni tí àwọn oníjìbìtì lù dé bèbè ikú ni. Kò pẹ́ tó jáde, àwọn oníjìbìtì jí i dà sínú fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Gbogbo ilé tó ní ẹ̀rọ fídíò ló wo Ọ̀run Móoru. Ẹ bi wọ́n léèrè tíkẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ ó rí i pé àjà ilé ni wọ́n máa gbójú sí. Gbèsè ló kù sí ọrùn Bàbá Sàlá. Gbogbo ìlú fi ọwọ́ bọ ọkùnrin kan lápò, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń bọ̀ ọ́, torí pé òun ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ń sọ fún àwọn ọmọ lónìí pé "fíìmù ìgbà tiwa ló dára jù", inú fídíò ta ni ẹ ti wò ó?

Ohun tó kù, kíá ni. Ìjọba Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, náírà wó lulẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ra fíìmù gidi tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ lókè òkun kò ṣeé fẹnu sọ mọ́. Adigunjalè gba ìgboro, ẹni tó bá jáde lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye aṣọ dúdú tó ní. Nígbà tó fi di 1992 tí fíìmù Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, ìlú ti jókòó sílé. Ẹnì kan ra kásẹ́ẹ̀tì, àdúgbò mẹ́ta wò ó. Àwọn olóye á máa sọ pé náírà ló pa sinimá, àwọn mìíràn á ní olè ni. Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Náírà bá òkú nílẹ̀ ni.

Òkú wá jókòó láàárín ìgboro, ó ń wá ẹni tó máa rẹ́ǹtì í. Àwọn kan di ibi ìkó-sìmẹ́ńtì-sí. Àwọn kan di gbọ̀ngàn ìnáwó. Ọ̀pọ̀ ló di ilé Ọlọ́run. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàdúrà lé mi lórí. Ibi tí onísinimá ti rí gbèsè lẹ ti rí ìkórè. Àga wà nílẹ̀, pèpéle wà nílẹ̀, gbogbo ojú ti kọ síbì kan náà. Ìwòran ọ̀gànjọ́ di ìṣọ́ òru. Ẹ lé igbó jáde ní ọjọ́ kan. Ìdun ni ẹ fi ààwẹ̀ àti gbígbàdúrà kọjú sí, mo sì gbọ́ pé àwọn kan ti ronú pìwà dà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa. Nígbà tí ilé yẹn jẹ́ sinimá, kò wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí, ògiri ló ń fò. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ Ìsinmi báyìí: ó wọ kóòtù, ó to sórí ìlà, ó ń lọ san ìdámẹ́wàá nínú ilé kan náà. Ògiri náà ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò gbé e ga sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé wà tó ń pe àpérò lórí "ikú sinimá ìgboro", wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á gba owó ọkọ̀. Àwọn ará wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti fi Django hàn wọ́n, omijé dé: "Áà, ilé dùn!" Ẹ̀gbọ́n, ilé dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ onílé sinimá lówó. Ẹ fi ránṣẹ́, pọ́n-ùn la fẹ́.

Ní 2004, sinimá tún jí dìde. Silverbird Galleria ṣí ní Victoria Island, àwọn ilé ìtajà ńláńlá tẹ̀lé e káàkiri. Ẹ̀rọ amúlétutù wà, àga rọ̀, ìdun kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ wá wo èèyàn wa! Gúgúrú tí ìyá alágúgúrú ń tà lẹ́nu ọ̀nà sinimá Agége, ẹ máa ń ná an títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ẹ ó tún ní kó fi ẹ̀pà jàrá. Gúgúrú kan náà wọ inú páálí aláwọ̀ mèremère, owó rẹ̀ ga, kò ní ẹ̀pà, ẹ sì ń sọ pé "thank you". Ta ló ń bèèrè jàrá mọ́? Alámọ̀tán náà kò kú, ó ti ra fóònù. Fíìmù ń lọ lọ́wọ́, ó na fóònù sókè, ó ń ká a sínú WhatsApp kí àwọn tó wà nílé lè wò ó. Lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó bèèrè.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú igun yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Oṣù Kìíní 2024, A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nínú àwọn ilé sinimá wa. Ẹ rí i pé ẹ lówó lọ́wọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìyà ń jẹ yín, a ti ka tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ojú wa la lọ wò, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe lọ wo Aláké. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo Kúnlé, ọmọ Adé Love. Bàbá rẹ̀ ń gbé róòlù kiri ìlú lórí ọkọ̀, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ má baà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ní òun kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kankan, ó gbé Aníkúlápó sórí Netflix ní 2022, ó bá yín débi tí ẹ sùn sí. Kí lẹ wí? "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní líǹkì rẹ̀ lórí Telegram?" Bàbá ṣọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wá bá yín nílé, èsì kan náà lẹ fún àwọn méjèèjì.

Ìdájọ́ mi rèé. Gbogbo ẹni tó fo ògiri láti ọdún 1960 títí dé ìgbà tí ògiri náà di ti ìjọ, kó wá san gbèsè rẹ̀, pẹ̀lú èlé. Ọpirétọ̀, tìrẹ ni kí o jókòó wo gbogbo fíìmù tí o fi róòlù wọn ṣe àṣìtò, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Onílé sinimá, wá gbé àga kan nínú àwọn àga rẹ, sùn lórí rẹ̀ di àárọ̀. Ẹni tó jí Ọ̀run Móoru dà, a ń fi ọ́ lé Bàbá Sàlá lọ́wọ́ ní ọ̀run, a gbọ́ pé ibẹ̀ móoru lóòótọ́. Owó tí a bá rí kó jọ, ẹ jẹ́ ká fi kọ́ ilé sinimá kékeré kan sí abẹ́ afárá Agége, kí ìyá alágúgúrú padà sẹ́nu ọ̀nà, kí ògiri rẹ̀ sì ga tó ti ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ìwọ tí o dúró ti alátà ìwé ìròyìn láti àárọ̀, tí o ń na ọrùn lórí èjìká ẹni tó ra tirẹ̀, tí o ti ka ọ̀rọ̀ yìí débí láìná kọ́bọ̀, tí o sì ń rẹ́rìn-ín àwọn tó fo ògiri: sún sẹ́yìn, o ń mí sí ènìyàn lọ́rùn.